Kí Wọ́n Tó Kùn Yín Lóorun: Ohun tí Ó Yẹ kí Dókítà Mọ̀ Nípa Yín Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ

Bí wọ́n bá ti sọ fún ènìyàn pé yóò ṣe iṣẹ́ abẹ, ohun tí ẹbí sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ta ni yóò ṣe é, ṣé ó sì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìbéèrè tó yẹ ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò tí oníṣẹ́ abẹ bá fi ń gé tí ó ń rán, ẹlòmíràn tí ó fi oògùn kun aláìsàn lóorun wà níbi orí rẹ̀, tí ó ń ṣọ́ èémí rẹ̀, lílù ọkàn rẹ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí kò sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ títí yóò fi jí. Iṣẹ́ tí èmi ń ṣe nìyẹn ní Iléṣà, nínú ilé ìwòsàn kan tí èmi àti àwọn dókítà ẹbí ti jọ ń tọ́jú àwọn ènìyàn kan náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó ń mú kí ènìyàn sùn kí ó sì jí láìséwu ni a máa ń ṣe ṣáájú ọjọ́ náà, lọ́dọ̀ dókítà tí ó ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀.

Oorun inú tíátà iṣẹ́ abẹ kì í ṣe oorun alẹ́. Bí itọ́ bá gba ọ̀nà òdì lọ́fun ẹni tó ń sùn nílé, yóò wúkọ́, yóò sì jí. Ẹni tí a kùn lóorun pátápátá kò lè wúkọ́. Láti October 16, 1846, tí William Morton ti fi oògùn ether kun aláìsàn lóorun lójú gbogbo ènìyàn ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn oògùn wa ti dára sí i gan-an, síbẹ̀ oògùn tí ó mú ìrora kúrò a máa mú ìṣọ́ tí ọ̀fun ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró kúrò pẹ̀lú. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, ó lè gòkè wá sí ọ̀fun, kí ó sì ya bá ẹ̀dọ̀fóró, omi kíkan inú ikùn a sì bó ẹ̀dọ̀fóró náà nínú. Ó lè pa ènìyàn.

Ìdí tí a fi ń ní kí ẹ má jẹun nìyẹn. Oúnjẹ tó wúwo tàbí tó lọ́ràá, irú bí iyán àti ọbẹ̀, dòdò tàbí ẹran díndín, gbọ́dọ̀ ti tó wákàtí 8 nínú kí a tó kùn yín lóorun. Oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ àti mílíìkì jẹ́ wákàtí 6. Ọmú ìyá jẹ́ wákàtí 4 fún ọmọ ọwọ́, omi lásán sì jẹ́ wákàtí 2. Ẹ̀kọ mímu kì í ṣe omi o, bó ti wù kó ṣàn tó, oúnjẹ ni. Ohun méjì ni ó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni àwọn òbí tí wọn kò fún ọmọ ní omi rárá láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí kò sí ohun tó ní kí òùngbẹ gbẹ ọmọ náà. Èkejì ni ìyá àgbà tí àánú ṣe, tí ó fi ẹ̀kọ díẹ̀ bọ ọmọ lẹ́nu ní kọ̀rọ̀, tí ó sì pa á mọ́ fún wa. Bí ẹ bá sọ fún wa, ohun tí a ó ṣe kò ju pé kí a sún iṣẹ́ náà síwájú. A kò ní bínú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí orí oògùn. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá rí wa ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e wá. Dókítà ẹbí yóò tú u sórí tábìlì, yóò máa mú u ní páálí kọ̀ọ̀kan, nítorí àṣẹ tí a ń pa lórí wọn kò dọ́gba. Lọ́pọ̀ ìgbà, a máa ń fẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi omi díẹ̀ gbé amlodipine mì ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ó fi lisinopril sílẹ̀, torí lisinopril lè mú kí ìfúnpá já wálẹ̀ jù lẹ́yìn tí ó bá ti sùn. Atenolol, tí òun náà jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe ohun tí a ń dá dúró lójijì ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà kò ní lo metformin láàárọ̀ tí kò jẹun. Bí ó bá sì ń gba insulin, a ní láti tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe, kí ṣúgà ara rẹ̀ má baà lọ sílẹ̀ jù. Ẹ má ṣe fúnra yín pinnu èyí.

Àgbo náà jẹ́ oògùn. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwọn kan láti dárúkọ rẹ̀ níwájú dókítà, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, ṣùgbọ́n ọtí lè yí bí oògùn oorun ṣe ń ṣiṣẹ́ lára padà, aáyù tó pọ̀ sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kí ó tó dá. Bí iṣẹ́ abẹ náà kò bá jẹ́ ti pàjáwìrì, ẹ dáwọ́ àgbo dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí ni èmi yóò ní kí ẹ la ẹnu, kí ẹ gbé orí sẹ́yìn, kí ẹ fi eyín tó ń mì hàn mí, torí ibẹ̀ ni n ó ti mọ̀ bóyá yóò rọrùn láti ti ọ̀pá èémí bọ ọ̀fun yín. N ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti rí ìṣòro rí nígbà tí wọ́n kùn ún lóorun, torí àwọn nǹkan kan wà tí a ń bí mọ́ ni. Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láìfi falẹ̀, nítorí òtútù, àìtó omi ara àti àìtó afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀. Irú wọn ni a máa ń fẹ́ kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀. Bí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn bá ń ṣe ọmọ, ó sàn kí a dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró bá ní àìsàn tó le, a ó kọ ìwé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild níhìn-ín tàbí sí ilé ìwòsàn ńlá ti Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn ìyá tí a ó fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ni wọ́n ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn jù. Ìsàlẹ̀ ibi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí ni a ti ń gún un, ẹsẹ̀ a kú tipiri, a sì padà bọ̀ sípò láàárín wákàtí díẹ̀. Ìfúnpá lè wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń fa omi síni lára. Orí lè fọ́ àwọn kan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì máa ń burú sí i bí wọ́n bá jókòó. Ẹ padà wá sọ fún wa, ó ní ìtọ́jú. Ní ti ẹ̀yìn dídùn ọlọ́dọọdún tí àwọn ènìyàn ń kà sí i lọ́rùn, oyún fúnra rẹ̀ a máa fa ẹ̀yìn dídùn, yálà wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà tàbí wọn kò gún un.

Bí a bá ní kí ẹ máa lọ sílé lọ́jọ́ náà, ẹ má wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan fún wákàtí 24, kí àgbàlagbà kan sì sùn tì yín. A ó fún yín ní ìwé fún dókítà ẹbí yín, tí ó sọ oògùn tí a lò àti ìṣòro tí a bá pàdé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú ilé, nítorí ẹni tí wọ́n bá gbé wọlé lóru lè má lè sọ̀rọ̀.