Igbá Ńlá Kì í Gún Iyán: Gíìgì Káàdì Géèmù

Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní FUTA gbé káàdì géèmù tuntun, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, wá hàn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀nà Oyèmẹkùn, níbí ní Àkúrẹ́, ló ti rà á fún kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, 4GB ni o! Wọ́n ní kí n fowó kún un kí n gba 2GB. Ṣé wọ́n rò pé mi ò mọ ìṣirò ni?" Mo wo orúkọ tó wà lára káàdì náà: GT 730. Èyí tó kọ̀ sílẹ̀, GTX 1050 ni. Ó dùn mí gan-an.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí gíìgì (GB, ìyẹn ìwọ̀n mẹ́mọ́rì) ara káàdì bá ṣe pọ̀ tó ni géèmù ṣe máa yá tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ta ni ará Oǹdó tí kò mọ iyán? Gíìgì ni igbá tí a kó iṣu sísè sí. Igbá ńlá dára, àmọ́ ọwọ́ tó di ọmọ odó mú ló ń gún iyán. Nínú káàdì Nvidia, ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwọn káàdì wọ̀nyí, àwọn ọwọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní CUDA core. GT 730 tó jáde ní 2014 kò ní ju 384 lọ. GTX 1050 tó jáde ní 2016 ní 640, ọwọ́ wọn sì yá jù. Ọ̀nà tí iṣu ń gbà dé odó tún wà níbẹ̀. GT 730 tó ń lo irú mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń pè ní DDR3, tí ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ tó bíìtì 64, ń gbé 14.4GB kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. GTX 1050 ń gbé 112GB, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ.

GT 730 pàápàá ò dọ́gba láàárín ara wọn. Èyí tó jẹ́ 1GB péré, tó ń lo GDDR5, irú mẹ́mọ́rì tó yá ju DDR3 lọ, ń gbé 40GB, ó sì yá ju 2GB tó ń lo DDR3 lọ.

Mi ò sọ pé gíìgì ò wúlò o. Bí ẹrù géèmù bá ju igbá lọ, inú RAM, mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ni káàdì á ti lọ máa wá ìyókù. Ibẹ̀ jìnnà, géèmù á sì máa dúró gán-ún gán-ún. RTX 4060 Ti ti 2023 wà ní 8GB àti 16GB, ọwọ́ inú wọn kò yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ìsáré kan náà ni. Ìgbà tí àwòrán bá wúwo ju 8GB lọ ni ti 16GB ń yọ. 100 dọ́là ni wọ́n fi jura wọn lọ nígbà tí wọ́n jáde.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ káàdì, lẹ́yìn náà irú mẹ́mọ́rì rẹ̀ àti bíìtì rẹ̀, kí ẹ tó béèrè gíìgì. GTX 1050 kì í sábà jẹ ju wáàtì 75 lọ, ojú ihò tí a ti ń ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gba gbogbo iná wọn, ìyẹn ló ṣe bá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ wọn inú kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó jáde nílé: ọ̀pọ̀ wọn ló tẹ́ẹ́rẹ́, káàdì gíga kò ní wọ̀ ọ́.