Wáyà Kọ́ Ló Ń Mú Kíbọ́ọ̀dù Yá

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi, pẹ̀lú ojú ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ fowó ra mọ́tò tí omi ti wọ̀. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má ra èyí tí kò ní wáyà o. Ó máa ń lọ́ra. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lónìí, ọ̀la ló máa dáhùn.” Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń lọ ní Bódìjà, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì jiyàn lórí ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù oníwáyà ni ti eléré. Ẹni tó bá gbé aláìníwáyà débẹ̀, “akọ̀wé” ni wọ́n ń pè é.

Akọ̀wé náà ni mí. Ọ̀rọ̀ ni mò ń tẹ̀ jẹun. Kíbọ́ọ̀dù kékeré ni mò ń wá, èyí tí súìṣì gidi wà lábẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kò ní gba gbogbo orí tábìlì, tí mo sì lè kì sínú báàgì pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Owó irú ẹ̀ kì í ṣe owó àkàrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ àbúrò mi kí n tó sanwó, mo sì rí i pé òótọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi po irọ́ púpọ̀ níbẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ti pẹ́. Orí ìgbì 27 MHz ni ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù aláìníwáyà wà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Rísífà wọn, ìyẹn ohun tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti máa gba iṣẹ́ tí kíbọ́ọ̀dù rán, tóbi bí ọṣẹ, ó tún ní okùn tirẹ̀ nídìí, tí o bá sì gbé kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn díẹ̀, lẹ́tà á máa já. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀ ta géèmù nígbà náà ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àmọ́ ìbínú yẹn ló ṣẹ́kù tí wọ́n ń fi lé àwọn ọmọ tí wọn ò fojú kan kíbọ́ọ̀dù náà rí lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìtẹ̀ kan ṣoṣo láti orí ìka dé ojú kọ̀ǹpútà. Ìka rẹ bà lé bọ́tìnnì W. Nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀ o. Ìka gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rin ìrìn díẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kí irin méjì inú súìṣì tó kan ara wọn. Nínú súìṣì pupa ti Cherry, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe súìṣì, ìrìn mílímítà 2 ni. Nínú súìṣì wọn mìíràn tí wọ́n pè ní Speed Silver, 1.2 ni. Irin méjèèjì kì í sì kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n máa ń ta sókè bí bọ́ọ̀lù tó já bọ́ sórí símẹ́ǹtì, nítorí náà ọpọlọ kékeré inú kíbọ́ọ̀dù ní láti dúró díẹ̀, kó lè dá a lójú pé ẹ̀ẹ̀kan lo tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Àyè tí Cherry fi sílẹ̀ fún ìtasókè yìí lára súìṣì wọn látijọ́ tó mìlísẹ́kọ́ǹdì 5, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀yìn èyí ni iṣẹ́ tó kúrò lọ́dọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Kọ̀ǹpútà gbà á, géèmù ṣírò rẹ̀, àwòrán tuntun jáde. Tí ojú kọ̀ǹpútà bá ń pààrọ̀ àwòrán nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì 17 ló wà láàárín àwòrán kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí o bá wá ń bá àwọn ará Yúróòpù ta géèmù láti Ìbàdàn, àlọ àti àbọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba 100.

Nínú gbogbo ìrìn yìí, ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wáyà ti wọlé: láàárín kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà méjì ló sì wà láti gba ibẹ̀ kọjá láìlo wáyà, ọ̀nà méjèèjì ò sì jọra rárá.

Ọ̀kan ni rísífà kékeré bí èékánná tí wọ́n máa ń bá kíbọ́ọ̀dù eléré dì sínú páálí. Ihò USB lo máa kì í bọ̀, orí 2.4 GHz ni òun àti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ń sọ èdè tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́ ọ. Logitech ń pe tiwọn ní Lightspeed, Razer ń pe tiwọn ní HyperSpeed. Ìgbà 1000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n lè jíṣẹ́, bí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù oníwáyà ṣe ń ṣe é. Kíbọ́ọ̀dù G915 TKL tí Logitech gbé jáde ní 2020 ń lò ó, BlackWidow V3 Mini tí Razer gbé jáde ní 2021 ń lò ó.

Ọ̀nà kejì ni Bluetooth. Ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti hàn sí mi jù ni ara kíbọ́ọ̀dù Keychron méjì, Q1 Pro àti Q1 Max, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì. Alumíníọ̀mù ni ara àwọn méjèèjì, wọ́n wúwo débi pé o lè fi wọ́n ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má pa á dé, bọ́tìnnì wọn sì tò bákan náà. Q1 Pro ò ní ju wáyà àti Bluetooth lọ. Pẹ̀lú wáyà, ìgbà 1000 ló ń jíṣẹ́. Lórí Bluetooth, 90. Ìyẹn ni pé mìlísẹ́kọ́ǹdì bíi 11 ló wà láàárín ìjíṣẹ́ kan àti òmíràn. Q1 Max ní Bluetooth kan náà, 90 kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi rísífà 2.4 GHz kún un, ó sì padà di 1000. Kò sí wáyà lára ọ̀nà méjèèjì. Ẹni tó fi Bluetooth ta géèmù tó wá lọ ròyìn pé aláìníwáyà lọ́ra, ohun tójú rẹ̀ rí ló sọ, orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ṣì pè.

Fún èmi tí mò ń tẹ ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ 60 ní ìṣẹ́jú kan, bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì 200 ló wà láàárín lẹ́tà kan àti èkejì lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́kànlá ò já mọ́ nǹkan kan nínú ìyẹn.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọmọ Bódìjà yìí kan náà, máúsì aláìníwáyà ló wà lọ́wọ́ wọn. Máúsì tí ọwọ́ ń fà láìdúró, tí ojú ń tẹ̀ lé! Láti ìgbà tí máúsì G Pro Wireless ti Logitech ti jáde ní 2018 ni àwọn eléré tó ń gbowó ìdíje ti ń gbé e lọ sórí pèpéle. Tí rédíò bá tó fún máúsì, kí ni bọ́tìnnì W ṣe tí kò fi ní tó o?

Mo ra kíbọ́ọ̀dù náà, bọ́tìnnì bí ọgọ́ta, rísífà nínú páálí. Ọ̀sẹ̀ kejì ló fẹ́ dójú tì mí. Mò ń da fídíò ìgbéyàwó ọmọ àǹtí mi láti orí kọ̀ǹpútà sínú hard disk, mo sì ń kọ lẹ́tà lọ́wọ́ kan náà. “Ẹ kú ilé” ni mo tẹ̀, “Ẹ k iléééééé” ló jáde. Mo pa á, mo tún un tàn, mo ṣáàjì ẹ̀, pàbó. Àbúrò mi dúró sẹ́yìn mi, kò wí nǹkan kan, imú ló fi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fídíò dà tán, kíbọ́ọ̀dù dá ṣáṣá. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í da fídíò náà, ó tún ya wèrè. Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò: rísífà àti wáyà hard disk wà nínú ihò méjì tó fara kanra, ihò aláwọ̀ búlúù.

USB 3.0 ni ihò búlúù yẹn. Ní 2012, Intel fúnra wọn kọ ọ́ síta pé nígbà tí nǹkan bá ń sáré gba inú USB 3.0 kọjá, ariwo rédíò tó ń tibẹ̀ jáde máa ń bọ́ sórí 2.4 GHz, níbi tí kíbọ́ọ̀dù, máúsì àti Wi-Fi ti ń sọ̀rọ̀. Rísífà mi dà bí ẹni tó ń gba ìpè lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń pè ò jẹ̀bi, fóònù ò bàjẹ́, ibi tó dúró sí ni kò dáa. Mo ra wáyà àfikún USB tí kò gùn ju mítà kan lọ, mo fi fa rísífà wá sórí tábìlì, kò jìnnà sí kíbọ́ọ̀dù ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Mo da fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́tà kan ò já. (Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀: wáyà ni mo fi wo aláìníwáyà sàn.)

Bí ẹnì kan bá ṣì ń wá ibi tí ìlọ́ra wà, kó wo inú kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ní 2017, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Dan Luu wọn kíbọ́ọ̀dù bí ogún, láti ìgbà tí bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀ títí tí iṣẹ́ fi jáde lójú USB. Èyí tó yá jù gba mìlísẹ́kọ́ǹdì bíi 15, èyí tó kẹ́yìn gba 60. Òótọ́ ni pé aláìníwáyà ti ọ́fíìsì ló kẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn oníwáyà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tó 50, tí owó wọn sì ga. Èyí tó gba ipò kìíní? Kíbọ́ọ̀dù Apple pẹlẹbẹ tí wọ́n fi USB so, tí kò tiẹ̀ ní súìṣì eléré kankan nínú.

Ìrìn ìka náà wà níbẹ̀. Ká ní ìka rẹ ń lọ sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: mílímítà 0.8 tó wà láàárín súìṣì pupa àti Speed Silver á gba mìlísẹ́kọ́ǹdì 4. Ìyẹn ju àlàfo tó wà láàárín ìjíṣẹ́ rísífà kan àti èkejì lọ nígbà mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó ń jà lé e lórí ní Bódìjà. Nínú kíbọ́ọ̀dù Apex Pro Mini Wireless ti SteelSeries, ìwọ fúnra rẹ lo máa yan ibi tí bọ́tìnnì ti máa jẹ́ ọ, láti mílímítà 0.2 dé 3.8. Eléré á gbé ibẹ̀ sókè, kí ìrìn ìka lè kúrú. Èmi ò jẹ́ gbé e sókè, torí ìka mi máa ń sinmi lórí bọ́tìnnì nígbà tí mo bá ń ronú, lẹ́tà tí mi ò pè á sì máa jáde wá kí mi.

Ohun kan tí wáyà fi ju rísífà lọ lóòótọ́ ni pé kì í sùn. Aláìníwáyà tí o kò bá fọwọ́ kàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan á sùn láti ṣọ́ bátìrì, lẹ́tà àkọ́kọ́ lè bá jíjí rẹ̀ lọ. Iná àwọ̀ mèremère abẹ́ bọ́tìnnì ló ń jẹ bátìrì jù: G915 TKL á lo nǹkan bí wákàtí 40 tí iná rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ dé góńgó, ROG Azoth ti Asus sì lè kọjá wákàtí 2000 tí o bá paná rẹ̀ pátá. Mo máa ń paná tèmi. Nílùú tá a wà yìí, ohun tó ń fẹ́ ṣáàjì ti pọ̀ jù nílé.

Ìlọ́ra kọ́ ló sì padà lé kíbọ́ọ̀dù náà kúrò lórí tábìlì mi. Àmì ohùn ni. Lórí Mac mi, Option pẹ̀lú bọ́tìnnì ` ni mo fi ń fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí lẹ́tà, lórí kíbọ́ọ̀dù oníbọ́tìnnì ọgọ́ta yìí, Esc ti gba àyè bọ́tìnnì náà. Mo wá ní láti di Option mú, kí n di Fn tó ń sọ Esc di ` mú, kí n tó na ìka sí Esc, kí à kan ṣoṣo tó jáde. Ẹ ka iye à tó wà nínú ohun tí ẹ ń kà yìí. Mo lọ ra èyí tó ní ìlà bọ́tìnnì kan sí i lókè, mo sì gbé ti àkọ́kọ́ fún àbúrò mi, pẹ̀lú rísífà rẹ̀ àti wáyà àfikún. Ó ti gbé e lọ sí Bódìjà báyìí. Wáyà tó bá a wá nínú páálí, fóònù ló fi ń ṣáàjì.