Íápíìsì Béèsì Tí Kò Ní Bo Ohùn Olórin Mọ́lẹ̀

Mo ra íápíìsì kan ní Tàíwò, ní Ìlọrin, tí páálí rẹ̀ sọ pé béèsì rẹ̀ pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá fi gbọ́ dàdàkúàdà, ńṣe ni ohùn olórin ń dún bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. Kí ló fà á?

Béèsì yẹn ti ya wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Láti nǹkan bí 20 Hz dé 250 Hz ni ilé béèsì (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe kéré tó ni ìró ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó). Èyí tó wà lábẹ́ 60 Hz ni ìró jíjìn tó máa ń rinlẹ̀. Láti 60 sókè ni ìlù ńlá àti gìtá béèsì wà, ibẹ̀ náà sì ni ìpìlẹ̀ ohùn èèyàn wà: ti ọkùnrin sábà máa ń bẹ láàárín 85 sí 180 Hz, ti obìnrin láàárín 165 sí 255. Tí wọ́n bá gbé gbogbo àdúgbò yìí ga pa pọ̀, ìró ìsàlẹ̀ á bo èyí tó ga jù ú lọ mọ́lẹ̀. Bí etí wa ṣe rí nìyẹn.

Èyí tí à ń wá ni íápíìsì tí béèsì rẹ̀ ga nísàlẹ̀, tó sì tètè sọ̀kalẹ̀. Tí ẹ bá rí àwòrán ìwọ̀n ìró rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ fojú tọ ìlà náà láti apá òsì: kó ga láti 20 dé nǹkan bí 80 Hz, kó máa bọ̀ wálẹ̀, kó sì ti tẹ́jú kó tó kọjá 250. Èyí tó bá ṣì ga ní 400 Hz, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ tún wo ọ̀kánkán 3 kHz, ìyẹn 3,000 Hz. Ó yẹ kí òkè kan wà níbẹ̀, torí ihò etí fúnra rẹ̀ máa ń gbé ìró agbègbè yẹn sókè. Tí íápíìsì kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn á jìnnà.

Kí ni kí n fi dán an wò kí n tó sanwó?

Dùndún. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kò ṣeé fi béèsì bò. Ẹ wá ibi tí ìyáàlù ti ń ki èèyàn, kí ẹ gbọ́ bóyá ohun tó ń wí yé yín. Dò, re, mi ló fi ń sọ̀rọ̀. Tí béèsì bá wú jù, dò àti re á wọnú ara wọn, gbólóhùn á dàrú. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́tí sí ṣaworo ara ìlù náà. Tó bá ń gún yín létí, tírẹ́bù, ìyẹn ìró òkè tó mú, ti pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ, ó ti kéré jù.

Ẹ má dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ o. Ariwo rẹ̀ máa ń jẹ béèsì, ẹ ó wá yan èyí tó wúwo, á sì máa ni yín lára nígbà tẹ́ ẹ bá dé ilé tó dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń fi méjì wéra, ẹ jẹ́ kí ìró wọn dọ́gba. Etí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ béèsì tí ìró bá lọ sílẹ̀, nítorí náà èyí tó pariwo díẹ̀ jù máa ń tan èèyàn.

Irú kan náà lèmi àti àbúrò mi rà ní Ọ̀fà. Tiẹ̀ ń rinlẹ̀, tèmi ń dún fẹ́lẹ́. Ṣé ayédèrú ni?

Ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà rẹ̀. Bí ihò etí bá dí dáadáa ni béèsì fi ń dúró. Àlàfo kékeré báyìí, béèsì ti gbabẹ̀ jáde, tírẹ́bù nìkan ló kù. Rọ́bà mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú páálí, kékeré, àárín àti ńlá, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì yọ èyí tó bá a wá rí.

Ẹ gbé ọwọ́ òdìkejì gba ẹ̀yìn orí, ẹ fa òkè etí sókè, kó lọ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ máa yí íápíìsì náà díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tì í wọlé, kí ẹ wá fi etí sílẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀: ohùn yín yẹ kó máa dún nínú orí yín. Ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ wọlé jẹ́jẹ́. Tí béèsì bá pọ̀ sí i lójijì, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà ti kéré. Tó bá ń yọ bọ́ tàbí ń dun etí, ó lè ti tóbi. Etí ọ̀tún àti tòsì lè má gba ìwọ̀n kan náà, kò sí àléébù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fọwọ́ fún un pọ̀, ẹ tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 kó lè wú.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló ń lọ sílẹ̀, ìdọ̀tí etí lè ti dí àwọ̀n ẹnu rẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó gbẹ gbọ̀n ọ́n. Abẹ́rẹ́ á ya àwọ̀n náà.

Ṣé èyí tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ tóbi jù ló ní béèsì jù?

Rárá. Èyí tó kàn ń jókòó sẹ́nu ihò etí lè ní ẹ̀rọ 14 mm, kó má ní béèsì tó ti 8 mm tó dí etí pa.

Mo ti ra tèmi ná. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ẹ pa "Bass Boost" inú fóònù kọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní EQ, ibi tí a ti ń gbé ìró ìsàlẹ̀, àárín àti òkè sókè tàbí wálẹ̀, oníbi márùn-ún: 60, 230, 910 Hz, 3.6 àti 14 kHz. Ẹ fi 60 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ sọ 230 kalẹ̀ ní 3 dB (ohun tí a fi ń wọn bí ìró ṣe pariwo tó), kí ẹ gbọ́ olórin lẹ́ẹ̀kan sí i; tí kò bá tíì tó, ẹ sọ ọ́ dé 5. Tí ohùn bá ṣì jìnnà, ẹ gbé 3.6 kHz sókè ní 1 tàbí 2 dB, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí béèsì bá ń ya, tó ń dún bí awọ ìlù tó bẹ́, kódà nígbà tí ìró lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló bàjẹ́. EQ kò lè tún ìyẹn ṣe.