Kọ̀ǹpútà Òmùwẹ̀ Kò Mọ Ara Ẹni Tó Dè É Mọ́wọ́

A ń jẹ́ Okun, a ò sì ní òkun. Síbẹ̀ àwọn ọmọ wa ń wá iṣẹ́ abẹ́ omi lọ sí Èkó. Nígbà ọdún Àjíǹde, àbúrò mi kan gbé kọ̀ǹpútà ọwọ́ àwọn òmùwẹ̀ wálé, tòkunbọ̀ ni, àtijọ́ kan láti ilé-iṣẹ́ Suunto. Ó fẹ́ gbé e wọ kòtò tí àwọn afọ́kùúta fi sílẹ̀ lẹ́yìn Kabba, tí omi ti kún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ yìí mọ ara mi ju èmi gan-an lọ. Bí ewu bá dé, á ké."

Ọ̀pọ̀ òmùwẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀, irọ́ sì ni. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń wò kò pọ̀: bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, iye ìṣẹ́jú tí ẹ ti lò, bóyá bí omi ṣe tutù sí. Ìyókù, ìṣirò ni. Ó ń ṣírò náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí òmùwẹ̀ ń mí, èyí tó yẹ kó ti wọ ara ẹnì kan tí kò sí níbì kankan, ẹni tí wọ́n fi nọ́ńbà mọ. Kò mọ̀ pé ẹ ò sùn lánàá, pé ẹ mu ẹmu, pé ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, tàbí pé ihò kékeré tó yẹ kó ti dí lẹ́yìn tí wọ́n bí yín ṣì wà nínú ọkàn yín. Ìtò P0, P1, P2, tí òmùwẹ̀ fi ń sọ bí ara òun ṣe rí, wà níbẹ̀ lóòótọ́; bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń ga sí i ni yóò máa dín àkókò ìsàlẹ̀ omi kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá parọ́ fún un, á gbà yín gbọ́.

Bí ibi tí omi wà ṣe ga tó tún wà níbẹ̀. Ẹ ṣí ẹlẹ́rìndòdò wò: afẹ́fẹ́ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ìdérí kúrò ló tó hó. Bí òmùwẹ̀ bá ń gòkè, tí omi ò tẹ̀ ẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, tí náítírójìn sì hó bẹ́ẹ̀ nínú ara, oríkèé á máa ro, ẹsẹ̀ tiẹ̀ lè kú. Nínú òkun, ohun tó ń tẹ ẹni tó wà ní 30 mítà jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ojú omi. Ní 30 mítà kan náà nínú adágún tó fi 1,500 mítà ga ju ojú òkun lọ, afẹ́fẹ́ ojú omi ti fúyẹ́, ìlọ́po náà á sún mọ́ mẹ́rin àbọ̀; bó bá ṣe pọ̀ tó ni híhó náà ṣe ń rọrùn tó. Kabba ò ga tóyẹn, àmọ́ láti 300 mítà ni Suunto yẹn ti ń fẹ́ kí a yí ìtò gíga rẹ̀ kúrò ní A0 sí A1, ìlú wa sì kọjá ìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fúnra wọn mọ̀ ọ́n. Tiẹ̀ kì í ṣe ara wọn.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ wò. A0, P0.

"Ta ló tò ó báyìí?"

Ó họ orí. "Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí mo rà á."