Kí ni ẹrù ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń wá ní pápákọ̀ òfurufú ológun?

Ìròyìn pé Science Museum ti London kó ẹrù lọ sí pápákọ̀ òfurufú ológun àtijọ́ rú àwọn kan lójú ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, níbí. Àwọn ìbéèrè wọn nìyí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?
Ohun tó lé ní 300,000 ló kúrò ní Blythe House, ilé ìkẹ́rùsí wọn ní London, lọ sí Wroughton, lẹ́bàá Swindon. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì làwọn ológun òfurufú ń lo pápá náà. Ní 1979 ló bọ́ sọ́wọ́ Science Museum.

Ṣé ológun ṣì wà níbẹ̀?
Rárá o.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pápákọ̀?
Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ òfurufú sì ń gba ohun tó tóbi. Wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ní tírátọ̀. Àárín London wo ló máa gbà wọ́n? Àmọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò dáa fún igi àti awọ. Bí afẹ́fẹ́ bá rin, irin á dógùn-ún, awọ á bu. Bó bá gbẹ jù, igi á sán. Ẹni tó bá ní ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílé mọ ìlà tín-ín-rín tí ọyẹ́ máa ń là láti iwájú orí rẹ̀ wá sí àgbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ Hawking Building, tí wọ́n ń ṣọ́ ooru àti ọ̀rinrin inú rẹ̀. Ilé mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n fi hemp, ewéko tí wọ́n ń fi ṣe okùn, pò mọ́ ẹfun mọ ògiri rẹ̀: ògiri náà á fa ọ̀rinrin mu, á sì tú u sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ó wù mí kí irú rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀sà wa.

Ṣé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ ni?
Láti 2024 ni aráàlú ti ń wọ Hawking Building, bí wọ́n bá ti gba àyè sílẹ̀.

Ṣé ohun ìní wa wà lọ́wọ́ wọn?
Ohun ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ohun ìwòsàn tí Henry Wellcome, oníṣòwò oògùn kan, kó jọ, tó wà ní ìkáwọ́ Science Museum. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ìṣúra 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún Bẹ̀nẹ̀ lóṣù Kọkànlá 2021. Ti ààfin Abomey nìyẹn, Musée du quai Branly ní Paris ló sì ti wá.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?
Ohun tí kò ní àkọsílẹ̀. Kí wọ́n tó kó ẹrù Blythe House, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Tiwa ńkọ́? Bí àgbà tó mọ ìtàn ère bá ti kú, iye tó bá wu oníṣòwò ló máa rà á.

Kí la lè ṣe nílé?
Ẹ gbé ère kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ìdílé tó ni ín. Bẹ́ẹ bá fẹ́ tún un kùn fún ijó, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ọ̀dà àtijọ́. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ yá a lọ fún àfihàn, ẹ gba ìwé tó ní ọjọ́ ìdápadà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé e jáde.