Tí ètò dátábéèsì bá ń kú nígbà tí ẹ fẹ́ tẹ ìjábọ̀ jáde

Ẹ tẹ Print, ojú ètò náà funfun báláú, Not Responding yọ lókè rẹ̀, ó ṣe díẹ̀, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún mi nìyí: "Dátà mi ti lọ!" Lọ́pọ̀ ìgbà, kò lọ síbì kankan. Kíka ni ìjábọ̀ ń ka dátà, kì í kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Síbẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa ètò náà dé, kí ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn sí ibòmíràn. Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìṣe ìyẹn.

Microsoft Access ni màá fi ṣàlàyé, torí òun ni mo máa ń bá pàdé jù. Access kì í dúró dìgbà tí ẹ bá tẹ Print kó tó bá pírńtà sọ̀rọ̀. Bó bá ti fẹ́ to ìjábọ̀ sójú kọ̀ǹpútà lásán, á ti bi driver pírńtà (ètò kékeré tí Windows fi ń bá pírńtà sọ̀rọ̀) léèrè bí ìwé ṣe fẹ̀ tó àti ibi tí etí rẹ̀ mọ. Apá kan driver yẹn sì ń ṣiṣẹ́ nínú ètò yín gan-an. Bó bá ṣubú, á fa ètò lulẹ̀ mọ́ra.

Nítorí náà, pírńtà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi Microsoft Print to PDF ṣe default printer (pírńtà tí Windows máa ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn) nínú Windows, ẹ pa Access dé, ẹ tún un ṣí, kí ẹ wá tẹ ìjábọ̀ náà sí PDF. Tó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ fi dátábéèsì sílẹ̀. Ẹ yọ driver pírńtà yín kúrò, kí ẹ gba tuntun látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ìjábọ̀ mẹ́sàn-án ń jáde, ìkẹwàá nìkan ló ń pa ètò. Ẹni tó ṣe é ti so ó mọ́ pírńtà kan tí wọ́n ti gbé dànù tipẹ́. Mo ṣí i ní Design View (ojú ibi tí a ti ń tún ìrísí ìjábọ̀ ṣe), mo wọ Page Setup, mo lọ sí abala Page: Use Specific Printer ni wọ́n mú. Mo mú Default Printer, mo tẹ Save, wàhálà tán.

Ẹ tún béèrè ohun tó yí padà láìpẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àtúnṣe Windows kan ń mú kí kọ̀ǹpútà mìíràn kú pátápátá bí wọ́n bá ti tẹ ìwé sí àwọn pírńtà kan, títí Microsoft fi gbé àtúnṣe mìíràn jáde lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bí iṣẹ́ bá há sí ìlà pírńtà, ẹ wọ services.msc (àkójọ àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Windows), ẹ dá Print Spooler (èyí tó ń to ohun tí a fẹ́ tẹ̀ sí ìlà) dúró, ẹ pa àwọn fáìlì inú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS rẹ́, kí ẹ tún Print Spooler tan.

Tí PDF náà bá ń pa ètò, ó ku ìjábọ̀ àti dátà. Ẹ ṣe Compact and Repair (irinṣẹ́ Access tó ń fún fáìlì pọ̀, tó sì ń tún un ṣe). Ẹ wo bí fáìlì ṣe tóbi tó, torí Access kò gbà ju 2 GB lọ. Àwòrán ńlá tí wọ́n kó sínú ìjábọ̀ sì máa ń wúwo gan-an. Bí kò bá yí padà, ẹ ṣí dátábéèsì òfìfo, kí ẹ kó ohun gbogbo wọ inú rẹ̀. Bó ṣì ń kú, ẹ pín àkọsílẹ̀ sí méjì, kí ẹ tẹ ìdajì. Ìdajì tó bá pa ètò ni kí ẹ tún pín sí méjì, títí ẹ ó fi dé orí ìlà kan ṣoṣo tó bàjẹ́. Ó ń gba sùúrù, àmọ́ mo ti fi mú ọ̀pọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ pe oníṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wọ Event Viewer (ibi tí Windows ń kọ àṣìṣe sí), Windows Logs, Application. Ẹ wá ìlà tó ní àmì pupa, tó bọ́ sí àkókò tí ètò kú, kí ẹ kọ ohun tó wà níwájú Faulting module name (orúkọ apá tó ṣubú) sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ fún un bóyá PDF jáde.