Bí péà ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí mẹ́ẹ̀ṣì, àti ìdí tó fi ń kọ̀ nílé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀

Sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀kùn tuntun, bátìrì tuntun, wọ́n tẹ bọ́tìnì ẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná pupa kékeré ara ẹ̀ fi ń ṣẹ́jú, họ́ọ̀bù tó wà ní pálọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí àwọn nǹkan smart inú ilé, òun náà ń wá a kí wọ́n lè péà, ìyẹn kí wọ́n so pọ̀ mọ́ra, síbẹ̀ áàpù kàn ń yí bírí lórí fóònù ni, títí tó fi sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà nǹkan ọ̀hún ò bàjẹ́ rárá, ọ̀nà tó máa gbà dé ọ̀dọ̀ họ́ọ̀bù ni ò sí, àbí ó ṣì ń rántí ilé tó ti wá.

Wi-Fi tí gbogbo wa mọ̀, ráútà kan ló wà láàárín, gbogbo fóònù àti tẹlifíṣọ̀n inú ilé ló ń bá òun nìkan sọ̀rọ̀. Zigbee àti Thread, ìyẹn ọ̀nà méjì tí àwọn ẹ̀rọ smart inú ilé ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìlo wáyà, ò rí bẹ́ẹ̀. Rédíò inú wọn ò lágbára, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí bátìrì kékeré lè gbé e fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà tí ohùn ọ̀kan ò bá dé iwájú, èyí tó wà nítòsí á gbà á lẹ́nu ẹ̀, á gbé e síwájú, òun ni wọ́n ń pè ní mẹ́ẹ̀ṣì. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kíìn l'Ádó ti rí irú ẹ̀: àwọn lébírà á tò láti ìsàlẹ̀ dé orí àkàbà, kọnkéré á máa ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, tí ẹnì kan bá yà síta láti mumi, iṣẹ́ dúró nìyẹn àfi táwọn tó kù bá sún mọ́ra.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń bá ẹlòmíì gbé ọ̀rọ̀ o, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Họ́ọ̀bù ni olórí, òun ló dá nẹ́tíwọọ̀kì sílẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí ẹ̀rọ fi ń wọlé. Àwọn tó ń jẹ iná tààrà láti ara ògiri, bíi sọ́kẹ́ẹ̀tì smart àti gílóòbù, àwọn ló ń gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé e síwájú. Àwọn tó ń lo bátìrì, ọmọ lásán ni wọ́n, wọ́n máa ń sùn ni, wọ́n á jí, wọ́n á bi òbí wọn, ìyẹn họ́ọ̀bù tàbí ẹ̀rọ tó ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀, bóyá iṣẹ́ wà, wọ́n á tún padà sùn. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́wàá nínú ilé kan ò lè ran ara wọn lọ́wọ́ rárá. Súwíìṣì ara ògiri náà tún ní tiẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ilé wa, wáyà láìfù nìkan ni rẹ́wáyà fà dé ibi súwíìṣì, kò sí níútírà níbẹ̀, súwíìṣì tí wọ́n sì ṣe fún irú ibẹ̀ kì í sábà gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì bó tiẹ̀ jẹ́ pé iná ló ń lò. Kẹ́ni tó fẹ́ rà á bi wọ́n léèrè kó tó sanwó.

Tí wọ́n bá fẹ́ péà, họ́ọ̀bù á ṣílẹ̀kùn fúngbà díẹ̀, Zigbee ò sì gbà kí ṣíṣí ẹ̀ẹ̀kan kọjá ìṣẹ́jú àáyá 254, kó má baà di pé ẹnikẹ́ni kàn ń wọlé. Láàárín àsìkò yẹn, ẹ̀rọ tí ò tíì nílé á máa pariwo kiri lórí ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún, láti 11 títí dé 26, gbogbo wọn lórí 2.4 gigahertz. Èyí tó bá gbọ́ ọ nítòsí á dá a lóhùn, ì báà jẹ́ họ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní kọ́ríḍọ̀, họ́ọ̀bù á wá fi kọ́kọ́rọ́ 128 bit ránṣẹ́ sí i, ó ti di ará ilé. Látìgbà yẹn lọ, ilé yẹn nìkan ló mọ̀.

Ẹ̀rọ tó ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé kan lọ́wọ́ kì í wá ilé míì. Gílóòbù tòkúnbọ̀ tí wọ́n rà l'Ékòó wá sí Ìkẹ́rẹ́, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà nínú ẹ̀, ó lè máa tàn dáadáa kó má sì dá họ́ọ̀bù kankan lóhùn. Bákan náà ni tuntun tí wọ́n ti dán wò ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó tà á. Àfi kí wọ́n resẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn kó gbàgbé ilé àtijọ́, kí họ́ọ̀bù sì ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú áàpù nìkan ò tó, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà wà ní pípa nígbà tí wọ́n yọ ọ́, torí kò gbọ́ pé wọ́n ti lé òun. Philips Hue ò ní bọ́tìnì lára gílóòbù, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ ni wọ́n lè fi wá a nínú áàpù. Èyí tó bá sì ti Amẹ́ríkà wá, kí wọ́n kọ́kọ́ wo fólítì ara ẹ̀, 120 ni tiwọn, tiwa wà ní 230, ó lè jóná kí ọ̀rọ̀ péà tó délẹ̀.

Àmọ́ l'Ékìtì níbí, iná gan-an ni kéèyàn kọ́kọ́ fura sí. Ká ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ríḍọ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ géètì dé họ́ọ̀bù. Iná lọ. Họ́ọ̀bù wà lórí ìnfátà, ó ń tàn, sẹ́ńsọ̀ géètì ní bátìrì tiẹ̀, òun náà wà láàyè, sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ríḍọ̀ nìkan ló kú, ọ̀nà sì ti já. Tí wọ́n bá fẹ́ péà nǹkan tuntun sí géètì lásìkò yẹn, wọ́n kàn ń da ara wọn láàmú ni. Nígbà tí iná bá wá dé, sẹ́ńsọ̀ géètì lè má padà lójú ẹsẹ̀, ó ti wá òbí ẹ̀ tì, kó má baà jẹ bátìrì tán ó ti dín wíwá kù, ó lè pẹ́ kó tó tún gbìyànjú. Ibí ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́ kúrò nínú áàpù tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí ò nídìí. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀! Kí wọ́n fọwọ́ kan bọ́tìnì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o, ìyẹn á jí i, á wá òbí ẹ̀ lọ.

Ohun tó máa ń tán an ni kí rẹ́wáyà mú sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta tó wà lójú ọ̀nà bọ́ sórí láìnì ìnfátà, kó jẹ́ pé họ́ọ̀bù àtàwọn tó ń bá a gbé ọ̀rọ̀ jọ ń jẹ iná kan náà. Iná tí wọ́n ń jẹ ò tó nǹkan, kò ní pa ìnfátà lára. Gílóòbù ò dáa fún iṣẹ́ yìí, jàre. Ẹnì kan á kàn kọjá, á pa á láti ara ògiri bó ṣe máa ń ṣe látọjọ́ yìí, ọ̀nà já. Òmíì tún wà, ti IKEA jẹ́ ọ̀kan, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tàn án pa á lẹ́ẹ̀mẹfà kíákíá, ó ń resẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀, torí pé kò ní bọ́tìnì. Iná tó bá wá ń wá tó ń lọ, wá lọ, wá lọ lásìkò òjò kó tó dúró, ohun kan náà ló ń ṣe fún un, gílóòbù á gbàgbé ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ògiri náà ń dí ọ̀nà. Búlọ́ọ̀kù onínáìnì-ínṣì, dẹ́kíìn tó kún fún irin, ilẹ̀kùn onírin, táńkì omi, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ ohùn 2.4 gigahertz, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí ògiri ẹ̀ nípọn sì ń jẹ tiẹ̀ náà. Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n gbé sẹ́ńsọ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀bù kí wọ́n péà ẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n wá gbé e lọ síbi tó máa wà. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ńsọ̀ kan lágídí, òbí tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ni wọ́n máa ń dìrọ̀ mọ́, wọn ò ní wá òmíì. Ó sàn kí wọ́n kọ́kọ́ to àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì sójú ọ̀nà láti ibi họ́ọ̀bù lọ sẹ́yìn, kí wọ́n wá péà sẹ́ńsọ̀ níbi tó máa gbé gan-an. Tó bá jẹ́ ara ilẹ̀kùn onírin ni wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí rọ́bà sáàárín.

Ariwo ńkọ́? Máífáì àti ráútà náà ń lo 2.4 gigahertz, ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀bù gan-an ni wọ́n sì sábà ń gbé e sí torí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló wà. Kí wọ́n sún wọn jìnnà síra. Tí Wi-Fi bá wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 tàbí 11, Zigbee ń rímú mí lórí 15, 20 àti 25, àmọ́ kí wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá yí ṣánẹ́ẹ̀lì nígbà tí ilé ti kún, àwọn kan á nílò kí wọ́n tún péà wọn. Ẹni tó ń lo họ́ọ̀bù tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, kó má kì í bọ USB 3.0 tààrà, ariwo ń jáde níbẹ̀, kó fi wáyà USB gbé e jìnnà díẹ̀.

Matter, ìlànà kan tí ẹ̀rọ smart oríṣiríṣi iléeṣẹ́ jọ ń lò, tó jáde lọ́dún 2022, ọ̀nà míì ló ń gbà péà. Kóòdù QR tàbí nọ́ńbà onídíjíìtì mọ́kànlá tó wà lára ẹ̀ ni fóònù máa lò, Bluetooth ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, torí náà kí Bluetooth wà ní títàn. Tó bá jẹ́ Matter orí Thread, lọ́pọ̀ ìgbà àfi kí border router Thread, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so Thread pọ̀ mọ́ Wi-Fi ilé, wà nínú ilé, ọ̀pọ̀ fóònù ò lè dá a ṣe. Kí wọ́n sì ya fọ́tò kóòdù yẹn kí rẹ́wáyà tó de súwíìṣì mọ́ ògiri, torí ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n sábà ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ọjọ́ tó bá resẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tún béèrè ẹ̀.